Olùyẹ̀wò Kẹrìnlá

Mo ra aṣọ ìnura kan ní Ṣàbó lánàá.
Ọmọ tó ń tà á ní, "Màmá, ojúlówó ni, òkè òkun ló ti wá."
Mo fọwọ́ pa á. Ọwọ́ mi ò tíì gbàgbé iṣẹ́:
okùn rẹ̀ ò nípọn, etí rẹ̀ ò rán délẹ̀,
bó bá fojú kan omi lẹ́ẹ̀mẹta, àkísà ni.
Mo rà á.
Ta ni mo fẹ́ sọ fún?

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi dúró nídìí tábìlì gígùn
nílé-iṣẹ́ òwú, l'Ódógúnyán,
aṣọ ń ṣàn kọjá bí odò, èmi ń wá àléébù:
okùn tó já, àwọ̀ tó ṣá, kókó tó sá pamọ́.
Èyí tó bá pé, mo ń ki bébà pélébé bọ inú ìṣẹ́po rẹ̀:
OLÙYẸ̀WÒ KẸRÌNLÁ.
Wọn ò kọ Kúbúrátù. Wọn ò kọ ọmọ Ọ̀nàbánjọ, Ìta-Ẹlẹ́wà.
Kẹrìnlá lásán. Síbẹ̀ mo mọ̀ pé
ẹnìkan ní Kánò, ẹnìkan l'Ákùúrẹ́,
ń fi iṣẹ́ ojú mi nu ọmọ tuntun.

N ò ní purọ́ fún yín pé ibẹ̀ dùn.
Eruku òwú ń bọ́ bí ọyẹ́, láti Ṣẹ́rẹ́ dé Ọ̀pẹ.
Mọ́ríámọ̀ tó ń dúró lápá ọ̀tún mi wúkọ́
títí ikọ́ fi di orúkọ rẹ̀.
Nígbà tá a bèèrè ìbòmú, wọ́n ní owó rẹ̀ pọ̀ jù.
Mò ń sunkún ilé-iṣẹ́ yẹn bí opó ṣe ń sunkún ọkọ burúkú:
ó lù mí, ó sì bọ́ mi.

Lẹ́yìn náà dísùù wọ́n gógó. Ọ̀gá pè wá jọ sábẹ́ igi máńgòrò,
ó ní àwọn kan lókè òkun ni yóò máa bá òun hun ún;
èyí tí àwa ń hun ní ọgọ́rùn-ún, ogójì ni wọ́n ń gbà.
Kì í ṣe pé òun kórìíra wa. Ìṣirò ni.
Orúkọ ilé-iṣẹ́ yóò ṣì wà lára rẹ̀, ó ní, bí ẹni ń tu ni nínú.
Bàbá Odùbọ̀tẹ̀ tó ń tún ẹ̀rọ ṣe nawọ́:
"Ọgọ́ta tó kù ńkọ́, ta ni yóò jẹ ẹ́?"
Kò sẹ́ni tó dáhùn.
Lónìí, níbi tí tábìlì mi wà,
báálì aṣọ òkè òkun ló ga débi páànù.

Lálẹ́ àná mo tú aṣọ ìnura náà.
Bébà pélébé kan jábọ́.
Lẹ́tà wọn rí bí ẹsẹ̀ ẹyẹ lórí erùpẹ̀, mi ò lè kà á,
ṣùgbọ́n mo ka nọ́ńbà rẹ̀: 31.
Irun kan lẹ̀ mọ́ ọn, dúdú, gígùn, ó nà tààrà.

Ìwọ Kọkànlélọ́gbọ̀n,
ọdún méje ni mo fi bú ọ láìmọ̀ ọ́,
mo ní o gbé àwo oúnjẹ níwájú mi lọ.
Ṣùgbọ́n etí aṣọ yìí tó wọ́, mo mọ irú àṣìṣe yẹn.
Ọ̀lẹ kọ́ ló ń ṣe é.
Ẹni tí oorun ń pa ní aago mẹ́ta òru ni,
ẹni tí wọn ò jẹ́ kó jókòó.
Ogójì yẹn, ṣé ó tilẹ̀ ń dé ọwọ́ rẹ?
Ta ló ń wúkọ́ lápá ọ̀tún rẹ?
Wọ́n ní ibòmíràn ti wà tí wọ́n ti ń gba ogún.
Bí wọ́n bá pè yín jọ sábẹ́ igi,
má jẹ́ kí wọ́n sọ fún ọ pé ìṣirò ni.

Ọmọ-ọmọ mi ti wẹ̀ tán, ó ń pè mí, omi ń kán lára rẹ̀.
Mo wá pẹ́ńsù. Lẹ́yìn bébà rẹ mo kọ Kẹrìnlá,
mo pa á rẹ́,
mo kọ Kúbúrátù,
mo tọ́jú rẹ̀ sínú agolo abẹ́rẹ́ mi.
Mo wá fi aṣọ rẹ nu ẹ̀yìn ọmọ náà,
rọra, nítorí etí rẹ̀.